Iye Búrẹ́dì Fìdítì

Bí mo bá ti rí búrẹ́dì, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni mo máa ń rántí. Fìlà inú géèmù ló ń tà. Yóò yà á lórí kọ̀ǹpútà, àwọn tó ń ṣe géèmù náà káàkiri ayé yóò sì rà á.

"Fìlà tí kò ṣeé dé sórí, ta ní ń rà á?" Màmá wa kì í yé wí bẹ́ẹ̀.

"Ẹ ṣáà bá mi ṣàdúrà sí i, mà."

Ọjà orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ti ń tà wọ́n gbà á láyè kó fi iye ọ̀tọ̀ lé fìlà kan ní owó orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ yóò kọ́kọ́ bi oníbàárà kan níbẹ̀ pé, "Èló ni búrẹ́dì lọ́dọ̀ yín?" Ààbọ̀ iye náà ni yóò fi lé fìlà. "Fìlà mi ò gbọdọ̀ gba búrẹ́dì lẹ́nu ọmọ ẹnikẹ́ni," ni yóò wí, ìdérí bírò á sì wà lẹ́nu rẹ̀ bíi pákò.

Ó ti lọ sí Kánádà báyìí, ọdún sì ń gorí ọdún.

Lánàá, mo wo ọjà rẹ̀. Ó ti fowó kún fìlà fún gbogbo orílẹ̀-èdè, àfi tiwa. Iye búrẹ́dì Fìdítì, ìlú wa, nígbà tó ń lọ ló ṣì fi ń díwọ̀n tiwa. Ó ń bi gbogbo ayé, kò bi wá rí, torí ó gbà pé òun mọ ti ilé.

Nígbà tó pè, mo fẹ́ sọ fún un pé búrẹ́dì ti wọ́n. Màmá fọwọ́ bò mí lẹ́nu.

"Má sọ fún un. Jẹ́ kó wálé wá rà á."