Gíláàsì Ọkọ̀ Mojírádé

Inú mi kò tíì rọ̀, ẹ má sọ fún mi pé kí n fara balẹ̀. Mojírádé tí wọ́n fẹ́ sọ di onírọ́ ní gáréèjì Ìkẹ́rẹ́ yìí, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ni. Ìbàdàn ni Emmanuel, ẹ̀gbọ́n mi, ti ń ṣiṣẹ́. Ọdún ló ń gbé e wálé. Mojírádé ló ń gbé ilé ró. Ó ta aṣọ, ọjà kú. Ó gbin ẹ̀gẹ́, màlúù jẹ ẹ́. Nígbà tó ní òun máa wa takisí, gbogbo ẹbí ló fi ṣe yẹ̀yẹ́. Màámi nìkan ló bu omi sí táyà ọkọ̀ náà, tó gbàdúrà sí i. Láti ìgbà náà, Mojírádé kì í kọjá níwájú ilé Màámi lọ sí Àkúrẹ́ láì sọ gíláàsì kalẹ̀ kó kí i.

Ọkọ̀ rẹ̀ ní éésì tó ń mú inú ọkọ̀ tutù, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi tò ó sí ìlà àwọn ọkọ̀ éésì ní gáréèjì. Orí ìlà yẹn ni oúnjẹ wà, owó ọkọ̀ éésì ju ti yòókù lọ.

Ṣùgbọ́n àwa ará ìlú yìí, kí Olúwa gbà wá lọ́wọ́ ara wa! Èrò á wọlé, á ní, "Tan éésì o." Ó tan án. Kí wọ́n tó dé ọjà, ọ̀kan rí àna rẹ̀, ó sọ gíláàsì kalẹ̀: "Ẹ kú ọjà o!" Èkejì rí ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀, tiẹ̀ náà tún wálẹ̀. Ẹ kúkú mọ̀ ọ́n, ẹni tó bá ti gíláàsì kọjá lára èèyàn níbí, kílẹ̀ tó ṣú, wọ́n á ní ó ti di ọ̀gá. Nígbà tí wọ́n bá máa fi jáde nílùú, ooru ti kún inú ọkọ̀, ẹnì kan á wá nu òógùn, á pòṣé: "Fáànù lásán ni obìnrin yìí tàn fún wa."

Fámúyìwá, alága gáréèjì, gbọ́ èyí, kò béèrè, kò wádìí, ó ní òun máa yọ ọ́ kúrò lórí ìlà. Mojírádé ní, "Alága, ẹ wọlé. Ẹ jẹ́ ká lọ síbi tí ilé parí sí, ká padà. Bí kò bá tutù, ẹ yọ mí." Mo bọ́ sẹ́yìn ọkọ̀, nítorí mo fẹ́ gbọ́ ohun tí Alága máa sọ.

Mojírádé tẹ bọ́tìnì éésì, iná rẹ̀ tàn, ohùn ẹ́ńjìnnì sì yí padà díẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe tí éésì bá ti gba iṣẹ́. Mo ní, "Alága, ẹ gbọ́ yẹn?" Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ síbi tí atẹ́gùn ti ń jáde. "Fáànù náà ń fẹ́ atẹ́gùn." Kí n tó fèsì, gíláàsì rẹ̀ ti wálẹ̀: "Bàbá Pẹ̀lúmi! Ẹ kú uṣẹ́ o!" Adájọ́ wa nìyẹn! A ò tíì rìn jìnnà, ó tún di, "Dúpẹ́! Ará ulé ńkọ́?" Ó wá yíjú sí wa: "Ṣé ẹ rí i? Ooru ń mú mi."

Inú bí mi gan-an. "Ta ló ń ṣílẹ̀kùn fún ooru, Alága?"

"Ṣé kí n máa kọjá lára àwọn èèyàn bí ẹran ni?"

 Mojírádé fi bọ́tìnì ọwọ́ rẹ̀ gbé gbogbo gíláàsì sókè, ó tì wọ́n pa. Fámúyìwá tẹ tiẹ̀ títí, kò gbọ́. Àárín ìgbà yẹn la dé ọ̀dọ̀ Màámi. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń bó ẹ̀gúsí. Ó dá ọkọ̀ mọ̀, ó gbé ọwọ́ sókè. Mo rí ìka Mojírádé tó lọ síbi bọ́tìnì, mo rí i tó padà. A kọjá. Ọwọ́ Màámi ṣì wà lókè. Nígbà tí a ń bọ̀, ó ti kẹ̀yìn sí títì.

Ní gáréèjì, Fámúyìwá sọ̀ kalẹ̀, ó ń fọwọ́ pa apá. Omi ń kán lábẹ́ ọkọ̀. Ẹnì kan ní rédíétọ̀ ló ń jò. Mo pòṣé sí i, omi éésì ni. Fámúyìwá ní, "Ó tutù. Kó dúró lórí ìlà." Ẹ wá wo aláìmoore: ó tún kọjú sí gbogbo gáréèjì, ó ní, "Ṣùgbọ́n obìnrin yìí le o! Ó rí ìyá ọkọ rẹ̀, kò kí i!" Gbogbo wọn ní, "Háà!"

Èébú ti dé ètè mi. Mojírádé fà mí láṣọ, ó fi orúkọ tó fún èmi àbúrò ọkọ rẹ̀ pè mí: "Akọ̀wé, ẹ jẹ́ ká lọ bá Màmá."

Nígbà tí a débẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún Màámi. Màámi kò wò ó. "Gíláàsì ti gbé ọ ga jù mí lọ báyìí, àbí?" Ó na ọwọ́ láti ti ìyàwó ọmọ rẹ̀ kúrò. Ọwọ́ kan ọwọ́, ó dúró. Ó fi méjèèjì dì í mú.

"Ọwọ́ rẹ tutù bí omi àmù."

Mo ní, "Màámi, wọ́n fẹ́ yọ ọ́ kúrò lórí ìlà ni. Wọ́n ní éésì rẹ̀ kì í tutù, ìdí nìyẹn tó fi ti gíláàsì. Fámúyìwá sì ti sọ fún gbogbo gáréèjì pé kò kí yín."

 Màámi gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò láṣọ, ó dìde.

"Ọma mi, gbé mi lọ bá Fámúyìwá. Má ṣí gíláàsì kankan. Ẹni tí mo bá rí lọ́nà, n ó kí i nígbà tí mo bá ń bọ̀."