Ẹ̀rọ̀ Inú Àtẹ́lẹwọ́

Bí mo bá rí òrí, ohùn ìyá ìyàwó mi ní Ayépé ni mo máa ń gbọ́. Wọn kì í yọ́ òrí lórí iná. Àtẹ́lẹwọ́ ni wọ́n fi ń yọ́ ọ, tí wọ́n á máa wí jẹ́jẹ́ pé, "Ẹ̀rọ̀, ẹ̀rọ̀."

Nígbà tí ẹsẹ̀ mi rọ́, mo ń fi ìbéèrè dá wọn dúró kí wọ́n má bàa fà á, àgbà ojo tí mo jẹ́.

"Mọ́mì, níbo ni 'ẹ̀rọ̀' ti wá?"

"Ara 'rọ̀' ni, kí nǹkan líle rọ̀. Ìyá mi kì í fọwọ́ kan aláìsàn kí òrí tó rọ̀."

"Òrí yín ti rọ̀ tipẹ́."

"Mo mọ̀. Ẹsẹ̀ yín tó gan bí igi ni mò ń dúró dè, àna mi."

Mo bú sẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fa ẹsẹ̀ náà.