Pátákó Tí Kò Gbọdọ̀ Rí Ìṣó

Ó ti rẹ̀ mí kí iṣẹ́ náà tó bẹ̀rẹ̀. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún nígbà náà, iṣẹ́ káfíńtà sì ti gba ẹ̀yìn àti orúnkún lọ́wọ́ mi. Ìwó ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n Ìkòròdú ni mo ti ń háyà ilé láti ìgbà tí mo ti gba òmìnira lọ́dọ̀ ọ̀gá mi. Bí mo bá jí láàárọ̀, màá kọ́kọ́ jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì kí n tó lè dìde. Ìyàwó mi a ní kí n máa gba iṣẹ́ tó fúyẹ́. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í sáábà wá.

Màmá kan ní Ẹ̀pẹ́ ló pè mí. Agbẹ̀bí ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, èmi ni mo sì kan òrùlé ilé wọn ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Ilé náà kò jìnnà sí Ọjà Olúwo. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ láti orí ọ̀sà, òórùn ẹja yíyan á kún inú pálọ̀. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá ọkọ wọn dùbúlẹ̀. Bàbá kò lè yíra padà fúnra wọn, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn náà kò já geere mọ́. Yàrá wọn sì kọjú sí ìwọ̀ oòrùn. Tó bá ti di aago méjì ọ̀sán, ògiri á gbóná, páànù òkè á gbóná, Bàbá á máa mí gúlegúle bí ẹni tó sáré. Fáànù wà, iná kò sí. Jẹnẹrétọ̀ wà, ṣùgbọ́n ariwo rẹ̀ ń dà wọ́n láàmú, èéfín rẹ̀ sì ń wọlé bá wọn.

Ọmọ wọn obìnrin tó wà lókè òkun ló fi àwọn pátákó kan ránṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù mi, pé kí n fi wọ́n bo ògiri àti òkè yàrá náà. Mo ti mọ fóòmù líle tẹ́lẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń kọ́ yàrá tí wọ́n ń kó ẹja dídì sí. Èèyàn lè fi ayùn gé ìyẹn, ó sì lè kan ìṣó mọ́ ọn. Èyí yàtọ̀. Kò nípọn ju ìka kan lọ, bébà tó ń dán bíi fàdákà ló bò ó, bébà náà sì fún mọ́ ọn pinpin. Ọmọ náà ṣàlàyé fún mi lórí fóònù.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ mọ fíláàsì omi gbígbóná?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Bíi tirẹ̀ náà ni. Wọ́n ti fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú pátákó yẹn jáde, ìdí nìyẹn tí ooru kì í fi í rí ọ̀nà kọjá. Ẹ má gé e o. Ẹ má kan ìṣó lù ú. Bí abẹ́rẹ́ bá gún un pẹ́nrẹ́n, ó ti kú nìyẹn, kò sí àtúnṣe."

Ẹ̀rù kòtò tó wà lójú ọ̀nà Ìtoìkín bà mí, ni mo bá gba èbúté Ipákodò lọ. Ọmọ Ìlàjẹ kan tó ń fi ọkọ̀ ojú omi ṣiṣẹ́ gbà láti gbé mi. Ó ń wò mí bí mo ṣe ń rọra to ẹrù náà.

"Bàbá, kí ló wà nínú rẹ̀ tí ẹ fi gbé e bí ẹyin?"

"Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ gan-an kò sí níbẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín títí. "Gbogbo wàhálà yìí, òfìfo lẹ ń gbé lọ sí Ẹ̀pẹ́?"

N kò lókun láti ṣàlàyé. Mo fọwọ́ méjèèjì di ẹrù náà mú, oòrùn ń pa mí lẹ́yìn ọrùn, a kọjá Ejìnrìn, mo ń tòògbé.

A gbé Bàbá lọ sí pálọ̀ kí n lè ráyè ṣiṣẹ́. Gọ́ọ̀mù ni mo fi lẹ àwọn pátákó náà, mo gé fóòmù líle sí àárín wọn, mo sì fẹ́ fi púláìwúùdù bo gbogbo rẹ̀. Ibi tí fóòmù bá wà nìkan ni ìṣó lè wọ̀, nítorí náà mo ń wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo ń fi pẹ́ńsù fàlà sí i. Bí mo bá gba pálọ̀ kọjá, ojú Bàbá á máa tẹ̀ lé mi. Nígbà tí mo ní, "Ẹ kú ìrọ́jú, Bàbá," wọ́n gbé ìka kan sókè.

Lọ́jọ́ kẹrin, ó ku púláìwúùdù kan ṣoṣo, níbi tí orí bẹ́ẹ̀dì ń wà. Ẹ̀yìn kò jẹ́ kí n sùn lóru mọ́jú ọjọ́ náà. N kò wọ̀n ọ́n. Ojú ni mo fi díwọ̀n rẹ̀, mo gbé hámà, mo kàn án. Mo gbọ́ nǹkan tó ṣe *fíì*, bí ìgbà tí èèyàn bá mí kanlẹ̀.

Mo dúró, hámà ń bẹ lọ́wọ́ mi. Màmá ń lọ ata ní ẹ̀yìnkùlé, wọn kò gbọ́. Mo kan àwọn ìṣó tó kù, mo gbá ilẹ̀, mo palẹ̀ mọ́. A gbé Bàbá padà sórí bẹ́ẹ̀dì. Màmá di ẹja yíyan fún mi pé kí n gbé e lọ fún ìyàwó mi. Mo gbà á, mo dúpẹ́.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá kí Màmá tó pè mí.

"Bàbá sùn lánàá! Láti aago méjì títí aago márùn-ún fi kọjá. Mo rò pé wọ́n ti kú, mo gbé ọwọ́ sí imú wọn." Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń sunkún. "Ọlọ́run á bá mi sàn án fún ọ."

Àdúrà yẹn ni kò jẹ́ kí n lè dákẹ́ mọ́.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ kan ògiri níbi orí wọn."

Wọ́n lọ, wọ́n padà. "Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ níbẹ̀ ju ibi tó kù lọ."

"Ọwọ́ mi ni. Mo kan ìṣó lu ọ̀kan nínú àwọn pátákó náà, n kò sì sọ."

"Bí ọmọ bá bọ́ lọ́wọ́ mi níbi ìgbẹ̀bí, ṣé màá kàn fi aṣọ dì í, kí n gbé e fún ìyá rẹ̀, kí n máa lọ ilé mi?" Wọ́n gé fóònù.

Mo dé Ẹ̀pẹ́ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Màmá dá ìkíni mi lóhùn, a gbé Bàbá lọ sí pálọ̀, wọ́n sì padà sí ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tí mo tú púláìwúùdù náà, bébà tó fún pinpin tẹ́lẹ̀ ti dẹ̀, ó ti hunjọ. Mo yọ pátákó náà kúrò, mo to fóòmù líle ní ìlọ́po sí ipò rẹ̀. Ibẹ̀ yọ gọngọ síta lára ògiri, kò dùn ún wò. Bàbá ti sùn lọ ní pálọ̀ kí n tó parí. Màmá wá jókòó lórí àpótí iṣẹ́ mi.

"Ó rẹ̀ ọ́," ni wọ́n wí.

"Ó rẹ̀ mí, Màmá."

"Ó rẹ èmi náà." Wọ́n ń wo ọwọ́ ara wọn. "Láti ọdún mẹ́ta, n kò sùn ọ̀sán rí. Ṣùgbọ́n àárẹ̀ kò ní kéèyàn má sọ òótọ́."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n lọ bu oúnjẹ wá fún mi.

Bàbá lo gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn, wọ́n ń sùn dáadáa lọ́sàn-án. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó kú. Nígbà tí mo lọ kí Màmá lẹ́yìn ìsìnkú, ẹni tó ṣílẹ̀kùn fún mi sọ pé Màmá ń sun oorun ọ̀sán nínú yàrá Bàbá. Mo ní kó má jí wọn. Mo jókòó sí pálọ̀, mo bọ́ bàtà mi, mo na ẹsẹ̀.