Máàkì Ìgbà Ìṣínu

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé Àlhájì dé ilé iṣẹ́ Auntie Adwoa ní Krofrom, ní Kumasi, gbogbo èèyàn ló fi iṣẹ́ sílẹ̀ wá wò ó. Àpótí kékeré kan ni, kò ju rédíò lọ. Ó ní kámẹ́rà lórí, ó sì ní ọ̀pá tín-ín-rín méjì tí wọ́n ń kì bọ inú ọkà lílọ̀. Kò tíì lórúkọ nígbà yẹn. Kwasi, tó ń bójú tó ààrò tí wọ́n fi ń mú ọkà gbẹ, ló sọ ọ́ lórúkọ. Ó bi Rahim, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣe é, pé kí ni àpótí náà ń jẹ.

"Kì í jẹ nǹkan kan," ni Rahim wí. "Iná nìkan."

"Kì í mumi?"

"Omi á bà á jẹ́."

"Kò jẹ, kò mu, látoṣù kìíní dé oṣù kejìlá!" Kwasi ṣí fìlà. "Àlhájì gidi nìyí! Àlhájì, ẹ káàbọ̀ o!"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, orúkọ sì mọ́ àpótí náà lára. Ẹnì kan ṣoṣo ló rẹ́rìn-ín tí ẹ̀rín náà ò dénú. Sàwúdátù Ọlápàdé ni.

Moshie Zongo, àdúgbò àwọn Mùsùlùmí àlejò ní Kumasi, ni wọ́n bí Sàwúdátù sí. Bàbá bàbá rẹ̀ ló kó ẹrù wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, tí kò sì padà mọ́. Níbi iṣẹ́, Twi ló ń sọ. Nílé, Yorùbá tí Twi àti Hausa ti kún inú rẹ̀ bámúbámú. Nígbà tó wọ yunifásítì, tó ní fúùdù tẹkinọ́lọ́jì lòun fẹ́ kọ́, ìyá rẹ̀, Hàjàrá, wò ó títí. "Oúnjẹ? Ṣé èmi ò kọ́ ẹ ní oúnjẹ nínú ilé yìí ni?" Ó ṣàlàyé pé iṣẹ́ náà kọjá ká sè é kó dùn. Ẹ ó mọ ìdí tó fi dùn, ẹ ó mọ ohun tó lè bà á jẹ́, ẹ ó sì rí i pé èyí tí wọ́n rà lónìí ò yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n máa rà lóṣù mẹ́fà sí i. Ìyá rẹ̀ ní ó dáa, kó ṣáà má gbàgbé iyọ̀.

Kókò ni Auntie Adwoa ń ṣe, ẹ̀kọ mímu tó ń ta sánsán atalẹ̀ àti kànáfùrù, tí gbogbo Zongo fi ń ṣínu tòun ti àkàrà. Jéró ni wọ́n ń rẹ, wọ́n á lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ atalẹ̀ àti ata, wọ́n á jẹ́ kó kan díẹ̀ nínú àgbá, wọ́n á mú un gbẹ, wọ́n á sì dì í sínú ọ̀rá. Ẹni tó bá rà á á kàn da omi gbígbóná sí i ni. Ibi tí iṣẹ́ Sàwúdátù wà gan-an ni kíkan yẹn. Tí kò bá kan tó, kò ní adùn. Tó bá kan jù, ẹ̀rù á ba eyín. Òun ló ń sọ pé, "Ó tó, ẹ kó o jáde." Òun ló sì ń pe àwọn atọ́wò mẹ́jọ jọ, tó ń fún wọn ní fọ́ọ̀mù, kí wọ́n fún kókò kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti orí òdo dé mẹ́wàá.

Ẹ wá wo ohun tí Àlhájì lè ṣe! Rahim ti kó fọ́ọ̀mù ọdún mẹ́ta tí Sàwúdátù tọ́jú, ó ti fi kọ́ ọ. Tí ẹ bá ti ki ọ̀pá méjèèjì bọ inú àgbá, á wo bó ṣe kan sí, á wo àwọ̀ àti ooru rẹ̀, ọgbọ́n àtọwọ́dá inú rẹ̀ á sì sọ máàkì táwọn èèyàn máa fún un, kí ẹnikẹ́ni tó fi ẹnu kàn án! Ohun tí Sàwúdátù ń dúró dè di ọ̀la, ojú ẹsẹ̀ ni Àlhájì ń sọ ọ́.

Auntie Adwoa kì í fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Ó pè é sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tọ̀. "Sàwúdá, mi ò ní purọ́ fún ẹ. Tí Àlhájì bá ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa títí ààwẹ̀ yín fi máa parí, mi ò mọ ohun tí màá tún fi ọ́ ṣe."

Àbúrò rẹ̀, Yaseer, tó ń tún fóònù ṣe ní Fante New Town, ò tilẹ̀ jẹ́ kó sinmi nílé.

"Àǹtí, mo rí i lórí ẹ̀rọ. Iṣẹ́ tí AI máa kọ́kọ́ gbà, tiyín wà lókè téńté."

"Tìẹ ńkọ́?"

"Témi? Tí AI bá já bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan, tí ojú ẹ̀ fọ́, ta ni wọ́n máa gbé e wá bá?"

"Yaseer, jẹ́ kí ẹnu ẹ bá inú ẹ gbààwẹ̀, jọ̀ọ́."

Ohun tó dun Sàwúdátù jù ni pé ẹ̀rọ náà wù ú. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ààwẹ̀, Àlhájì sọ mẹ́jọ, àwọn atọ́wò náà fún un ní mẹ́jọ nírọ̀lẹ́. Ó sọ méje, ó jẹ́ méje. Ó ń rí ohun tí òun fi ọdún márùn-ún kọ́, ó ń rí i kíá, ó sì ń rí àwọn mìíràn tí òun ò kíyè sí rí. Láàárọ̀, kó tó bọ́ híjáàbù ìta, ẹ̀gbẹ́ àpótí yẹn ló máa kọ́kọ́ lọ. Inú rẹ̀ ń dùn sí ohun tó fẹ́ lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́, inú sì ń bí i pé inú òun ń dùn.

Lọ́sẹ̀ kẹta, ooru mú bí ẹni pé wọ́n fi ìdérí ìkòkò dé Kumasi. Láàárọ̀ ọjọ́rú, Àlhájì sọ mẹ́sàn-án àti ààbọ̀. Kò tíì sọ tó bẹ́ẹ̀ rí! Sàwúdátù sún mọ́ àgbá, ó fa òórùn símú, ó sì tún fà á. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú.

Kì í tọ́ nǹkan wò nínú ààwẹ̀. Àfáà ti sọ fún un pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ lè fi kan ahọ́n kó sì tu ú dànù, àmọ́ ó ní ahọ́n òun ò mọ bí wọ́n ṣe ń tu nǹkan dídùn dànù. Nítorí náà, imú ló fi ń ṣiṣẹ́ lóṣù ààwẹ̀, imú náà sì ti gbówọ́.

"Kwasi, wá bá mi tọ́ èyí wò."

"Ó di aago méjìlá," ni Kwasi wí. "Èmi náà ń gbààwẹ̀. Lẹ́ńtì."

"Lẹ́ńtì tiyín máa ń parí ní aago méjìlá?"

"Ti pásítọ̀ ń dé aago mẹ́fà. Témi ò dà bíi tirẹ̀."

Nígbà tí aago méjìlá lù, ó ti mú ṣíbí dání. Sàwúdátù ti se díẹ̀ nínú rẹ̀. Kwasi mu ún, ojú rẹ̀ ká kò bí aṣọ tí wọ́n fún.

"*Ẹnyẹ dẹ koraa!*" ló ké, pé kò dùn rárá. "Ah! Sister, ó dà bíi pé mo lá bátìrì!"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ijó ló kù kí Sàwúdátù jó. Àlhájì ti ṣubú! Ó ti fún bátìrì ní mẹ́sàn-án àti ààbọ̀! Lójú ẹsẹ̀ ló pe Rahim, Rahim sì dé lórí ọ̀kadà, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó tú ẹ̀yìn Àlhájì, ó nu kámẹ́rà, ó nu ọ̀pá méjèèjì. Kò rí ohun tó ṣe é.

"Ìwé yín ni mo fi kọ́ ọ, Sister Sàwúdá. Kò lè sọ ohun tí ìwé ò bá sọ."

"Ìwé mi ò lè fún irú nǹkan báyìí ní mẹ́sàn-án. Ìwọ lo ṣì í dà kọ. Dúró, màá mú un wá fún ẹ."

Ó wọ yàrá tó ń tọ́jú fáìlì sí. Ó wá àwọn kókò tó kan jù lọ lọ́dún mẹ́ta náà, ó sì rí wọn. Mẹ́sàn-án. Mẹ́wàá. Mẹ́wàá. Mẹ́sàn-án. Ó rò pé ojú òun ló ń ṣe báyẹn. Ó wo ìsàlẹ̀ fọ́ọ̀mù, níbi tí òun fúnra rẹ̀ ti kọ ọ́ pé, *Kí ni kò tẹ́ yín lọ́rùn?* Ẹnì kan ti fèsì níbẹ̀, *Alhamdulillahi.* Ẹlòmíràn kọ ọ́ pé, *Ọlọ́run mà tóbi o.*

Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló wo déètì, ẹ̀rín sì gbẹ.

Ààwẹ̀ ọdún tó kọjá ni. Ọmọ Zongo ni àwọn atọ́wò mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, kò sì sí èyí tó máa fi ẹnu kan nǹkan lọ́sàn-án. Nítorí náà, Sàwúdátù ta ọgbọ́n kan tó dùn mọ́ ọn nínú nígbà yẹn: ó tẹ́ ẹní sí àgbàlá ilé iṣẹ́, ó ní kí wọ́n wá ṣínu níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe gbọ́ ìpè ìrun, èso dàbínù kan, omi kan, kókò ló tẹ̀ lé e. Èèyàn tí kò gbé nǹkan kan mì láti òwúrọ̀ kùtù! Ká tilẹ̀ gbé omi tí wọ́n fi ṣanwọ́ fún wọn, wọ́n á fún un ní mẹ́jọ. Ooru oṣù yẹn sì ti mú kí ọkà máa kan jù. Ohun tí Àlhájì rí nínú ìwé ni pé bí kókò bá ṣe ń kan sí i ni inú àwọn èèyàn ń dùn sí i. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ebi ló ń kọ máàkì.

Ó ń gbọ́ Rahim tó ń dá sọ̀rọ̀ níta. "Bóyá kí n gbé e lọ ni. Bóyá iṣẹ́ yìí ju agbára mi lọ."

Sàwúdátù dúró, fáìlì wà láyà rẹ̀. Kò sẹ́lòmíràn tó mọ ohun tí déètì yẹn ń sọ. Tó bá dá a padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù, Rahim á gbé àpótí rẹ̀ lọ, iṣẹ́ òun á sì dúró digbí. Tó bá mú un jáde, òun ló kọ́ ẹ̀rọ ní ìkọ́kúkọ̀ọ́, ta ló sì ń gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ síṣẹ́? Ó rántí ohun tó sọ fún Yaseer, pé kí ẹnu bá inú gbààwẹ̀. Nǹkan mìíràn tún wà níbẹ̀, tí kò jọ ẹ̀sìn rárá: ó ń wù ú láti rí ohun tí Àlhájì máa lè ṣe tí wọ́n bá kọ́ ọ dáadáa.

Ó jáde. "Rahim, kì í ṣe ìwọ. Èmi ni. Wo déètì yìí."

Rahim wò ó, ó tún un wò. Ó jókòó lórí àpò jéró, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Mo mà kọ ọ́ sínú ìròyìn mi pé ooru máa ń mú kókò dùn! Èmi tí mo gba ààwẹ̀ yẹn pé ọgbọ̀n ọjọ́!"

Nígbà ìrun Àsárì ni Auntie Adwoa, tó ti jáde láti àárọ̀, wọlé dé. Sàwúdátù ò dúró kó jókòó. Ó rò fún un látòkè délẹ̀.

"Ìwọ lo kọ́ Àlhájì ní irọ́?"

"Èmi ni, Auntie."

"Àwọn kókò tí wọ́n dá padà láti Tafo lọ́dún tó kọjá, tí wọ́n ní ó kan, òun náà nìyẹn?"

"Òun náà ni. Ẹ jọ̀ọ́, Auntie."

Auntie Adwoa gba fọ́ọ̀mù náà, ó wò ó. "Kwasi, o lè mọ̀ látinú ìwé yìí pé ebi ló kọ ọ́?"

"Èmi? Mi ò mọ̀ pé a ní ìwé."

"Rahim?"

"Ó wà lọ́wọ́ mi fún oṣù mẹ́rin, Auntie. Mi ò mọ̀."

"Àlhájì ńkọ́?"

Gbogbo wọn yíjú sí àpótí náà. Iná ara rẹ̀ ń ṣẹ́jú, mẹ́sàn-án àti ààbọ̀ ló ṣì wà lójú rẹ̀. Kwasi ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Auntie Adwoa gbìyànjú láti má rẹ́rìn-ín, kò ṣeé ṣe fún un.

"Ó dáa," ló wí. "Mo ti ń ronú bí mo ṣe máa sọ fún ẹ pé kó o máa lọ. Mi ò ronú ẹ̀ mọ́. Ta ló máa bá mi sọ fún àpótí yìí pé ebi máa ń pa èèyàn? Ìwọ lo máa máa kọ́ ọ. Rahim á máa wá jókòó tì ọ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Àmọ́ àgbá yẹn, ìwọ nìkan lo máa fọ̀ ọ́."

Ẹ ò rí bí Sàwúdátù ṣe fọ àgbá! Ó ń kọrin sínú rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ń dún jáde bíi ti ẹni tó wà nínú kànga.

Lọ́jọ́ kejì, ó fi ìlà kan kún fọ́ọ̀mù, lókè pátápátá: *Ìgbà wo lẹ jẹun kẹ́yìn?* Kwasi kó àwọn ará àdúgbò rẹ̀ mẹ́jọ wá ní aago méjì ọ̀sán, àwọn tó ti jẹun, tínú wọn ò kún jù. Rahim yọ máàkì ìgbà ìṣínu kúrò, ó fi tuntun kọ́ Àlhájì. Wọ́n wá bu díẹ̀ tí wọ́n tọ́jú nínú kókò ọjọ́rú yẹn fún un. Mẹ́ta! Rahim àti Sàwúdátù pariwo débi pé Auntie Adwoa sáré jáde.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, Rahim tún dé. Ó ti ta irú àpótí yìí fún ilé iṣẹ́ ẹ̀pà kan àti ibi tí wọ́n ti ń fún omi èso. Ó ní kí Sàwúdátù jọ̀ọ́, bá òun wo ìwé tiwọn náà, nítorí òun ò mọ ẹni tebi ń pa àti ẹni tí kò pa níbẹ̀. Nígbà tí Yaseer gbọ́, ó yọ ẹnu sókè.

"Àǹtí, iṣẹ́ tí AI fẹ́ gbà ti wá di méjì nìyẹn?"

"Mẹ́ta."

"Ṣé wọn ò wá ẹni tó ń tún fóònù ṣe?"

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ìpè ìrun ṣẹ̀ṣẹ̀ tán ní mọ́ṣáláṣí ẹ̀gbẹ́ ilé wọn. Hàjàrá gbé kókò tó sè fúnra rẹ̀ fún ọmọ rẹ̀. Sàwúdátù jẹ dàbínù, ó mumi, ó gbé ife sẹ́nu, kò gbé e kalẹ̀ títí ó fi dé ìdajì.

"Onímọ̀ oúnjẹ," ni ìyá rẹ̀ wí, "mélòó nínú mẹ́wàá?"

"Ìyá, ẹ má bi mí báyìí o! Ó di ẹ̀yìn Ìtúnu Ààwẹ̀, nígbà tí mo bá ti yó."

Ó sì na ife náà pé kí wọ́n bu sí i.