Ta Ló Di Okùn Mi Mú Létí Odò?

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ohun tójú mi rí ní Sátidé tó kọjá, kí ẹ tó sọ pé inú mi ti ń yára bí jù.

Ẹ ṣáà mọ̀ pé mo fẹ́ràn ẹja pípa. Kì í ṣe ẹja wẹ́wẹ́ o. Àrọ̀ ńlá ni tèmi, èyí tó gùn tó apá ènìyàn. Odò tó gba ẹ̀yìn Òkè-Àfà ní Ìsọlọ̀ ni èmi àti Wàídì, ọ̀rẹ́ mi láti yunifásítì, ti máa ń pa á.

Àrọ̀ ńlá kì í gbé etí bèbè. Inú omi lẹ máa wọ̀, ẹ ó máa fi àtẹ́lẹsẹ̀ wá a. Ibi tí iyanrìn ti parí, tí ẹrẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tí omi sì ṣàdédé tutù, ibẹ̀ ló wà. Àmọ́ ẹrẹ̀ yẹn lè gbé ènìyàn mì. Ìdí nìyẹn tí a fi ń so okùn mọ́ ìbàdí ẹni tó wọ omi, tí ẹnì kejì á dì í mú lókè. Tí mo bá fà á lẹ́ẹ̀kan, mo wà dáadáa. Ìwọ náà á fà á padà kí n lè mọ̀ pé o wà níbẹ̀. Tí mo bá fà á lẹ́ẹ̀mejì, fà mí jáde.

Wàídì ti jápa lọ sí Kánádà. Oṣù méje gbáko, mi ò dé odò. Ta ni yóò di okùn mú?

Aládùúgbò mi kan ní iṣẹ́ ń bẹ lọ́rùn òun. Èkejì ní ẹja inú fìríìjì tó òun. Ẹ̀gbọ́n Kọ́lá, ojúlùmọ̀ mi kan tó ń gbé ní Ire-Akari, ló gbà. Ẹ jẹ́ kí n ka ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀gbọ́n yìí lẹ́sẹẹsẹ. Aago méje la jọ sọ. Mẹ́jọ kọjá ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n dé. Bàtà funfun ni wọ́n wọ̀ wá sétí odò. Mo ń fi bí wọ́n ṣe máa di okùn mú hàn wọ́n, wọ́n ní ṣé màlúù làwọn fẹ́ dà ni.

Mo wọ omi. Ẹsẹ̀ mi bá òtútù yẹn. Mo fa okùn lẹ́ẹ̀kan, kò sẹ́ni tó fà á padà. Mo gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, ẹrẹ̀ gbà mí dé itan. Mo fà á lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo okùn náà tẹ̀ lé mi wá sínú omi.

Ẹ̀gbọ́n Kọ́lá wà lábẹ́ igi, fóònù wà létí wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Àyà ni mo fi wọ́ jáde.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti fi okùn mi sílẹ̀."

"Àbúrò, ìṣẹ́jú kan péré ni. Ṣebí o mọ̀wẹ̀?"

"Ta ló ń wẹ̀ nínú ẹrẹ̀?"

Wọ́n wo bàtà wọn, wọ́n ní mo ti ta ẹrẹ̀ sí i. Ni wọ́n bá lọ.

Mo so okùn mọ́ igi yẹn. Kò lè fà mí jáde, àmọ́ kò ní fóònù. Mo padà wọnú omi, mo sì mú àrọ̀ kan tó gùn tó apá mi. Mo gbé e sókè. Lékeléke méjì nìkan ló wà níbẹ̀. Láìmọ̀, mo fa okùn lẹ́ẹ̀kan, mo sì dúró.

Mo fi fọ́tò ẹja náà ránṣẹ́ sí Wàídì. Lọ́jọ́ kejì, àwòrán àtàǹpàkò kan ló fi dáhùn.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé kí ènìyàn dán ẹni tó fẹ́ di okùn rẹ̀ mú wò nígbà tí omi ṣì wà ní ọrùn ẹsẹ̀. Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ta ló fi okùn yín sílẹ̀ rí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, mo máa kà á. Tí ẹnikẹ́ni bá sì wà ní Ìsọlọ̀ tó lè pa fóònù rẹ̀ fún wákàtí méjì, Sátidé ni mo máa ń lọ.