Kòtò Tí Èjìká Gbẹ́

Ọgbọ̀n ọdún ni bàbá mi fi ru àpò ní èbúté. Lẹ́nu ọ̀nà ilé ìkẹ́rùsí, àwọn alááru a máa fi èjìká ti ògiri òkúta títí ẹni tó ń yẹ ẹrù wò á fi dé ọ̀dọ̀ wọn. Èjìká ló gbẹ́ kòtò sára òkúta yẹn!

Ní báyìí, ìjọba ní ilé àtijọ́ ni, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bà á jẹ́. Mo mú bàbá lọ wò ó. Àwọn bíríkìlà aláìnítìjú tí ìjọba ní kí wọ́n tún un ṣe ti fi sìmẹ́ǹtì dí kòtò náà, ó ń dán gbinrin! Kí wá ni wọ́n ń tọ́jú gan-an?

Bàbá fọwọ́ kàn án. Ọ̀gá bíríkìlà jágbe mọ́ ọn: "Bàbá, ẹ má ba iṣẹ́ wa jẹ́!"

Kí n tó fèsì, bàbá ti fa ẹ̀wù kúrò léjìká rẹ̀ tó ti tẹ̀ wọnú. "Ó ku èyí. Ẹ gbé sìmẹ́ǹtì yín wá."