Ẹni Tó Máa Ń Bẹ̀bẹ̀ fún Irúgbìn

Akẹ́kọ̀ọ́ tí mo fẹ́ràn jù ló kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí. Nígbà tí mo ń kọ́ni nípa ewéko ní yunifásítì, òun ló ń bá mi ṣọ́ irúgbìn ẹ̀wà lórí bébà tí omi rin nínú àwo. Òfin mi ni pé èyí tí kò bá hù lọ́jọ́ keje, ká kó o dànù. Yóò gbé àwo náà sún mọ́ fèrèsé, yóò fi ìka tẹ irúgbìn wò jẹ́jẹ́, yóò ní, “Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún un lọ́jọ́ kan sí i.”

Òun náà ló ṣe ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀ wa. Ètò yẹn ni ilé-iṣẹ́ kan ní Lẹ́kkí Phase 1 rí tí wọ́n fi gbà á síṣẹ́. Ó pa ẹ̀kọ́ ọ̀mọ̀wé tì, kò dágbére. Gbogbo èèyàn ń bá a yọ̀, kò sẹ́ni tó bi mí léèrè. Òun nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí ètò náà, iṣẹ́ ọdún méjìlá mi sì há síbẹ̀.

Láti ilé ọmọ mi ní Ṣàngótẹ̀dó, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ bá a ní ọ́fíìsì. Lẹ́ẹ̀kẹta, mo ní kó bá mi ṣí i kí n tó kú. Ó dọ̀bálẹ̀, ó gbé àga fún mi, ó wá ń fi ìka tẹ tábìlì jẹ́jẹ́.

“Mà, ẹ má bínú,” ó ní. “Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi pé èyí tí kò bá hù lọ́jọ́ keje, ká kó o dànù.”